Ojú Aago Awakọ̀ Òfuurufú: Kí Ló Wà Lẹ́yìn Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ó ti rí aago ọwọ́ tí mò ń sọ yìí rí. Ojú rẹ̀ dúdú, nọ́ńbà rẹ̀ funfun gbàdàgbàdà, ohun kékeré onígun mẹ́ta kan sì wà lókè níbi tó yẹ kí 12 wà. Àwọn tó ń tà á a ní aago ológun ni, pé aago awakọ̀ òfuurufú ni. Owó rẹ̀ kò sì ga ju apá lọ. Ṣé ojúlówó ni, àbí ojú ayé lásán? Tèmi ni pé ká kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè ná.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, inú àpò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi aago sí. Alberto Santos-Dumont, ọmọ Bràsíìlì tó ń fò kiri lójú òfuurufú ìlú Paris, rí i pé èyí kò bá iṣẹ́ òun mu. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń darí ọkọ̀. Èwo ni yóò wá fi yọ aago lápò? Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Louis Cartier, ìyẹn sì ṣe aago ọwọ́ fún un ní 1904.

Ìrọ̀rùn lásán nìyẹn. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀mí. Lórí òkun kò sí igi, kò sí òkè, kò sí ẹni tí a ó bi léèrè ọ̀nà. Oòrùn àti ìràwọ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, ìràwọ̀ kì í sì í dúró sójú kan; ẹni tó bá fẹ́ fi í mọ ibi tó wà gbọ́dọ̀ mọ àkókò náà gan-an tó wò ó. Ní agbedeméjì ayé, bí aago bá fi sẹ́kọ́ǹdì 4 péré ṣì, atọ́nà ti fi máìlì òkun kan ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan ńkọ́? Máìlì òkun 15 nìyẹn, bíi kìlómítà 28. Erékùṣù tó ń wá lè ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí epo sì tán.

Charles Lindbergh, tó dá nìkan fò láti New York dé Paris ní 1927, mọ bó ṣe ń rí. Ní oṣù kejì 1928, ó ṣìnà lóru nígbà tó ń bọ̀ láti Havana ní Kúbà. Lọ́dún yẹn kan náà ló lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́nà lọ́dọ̀ P. V. H. Weems, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Weems yìí ló ronú kan aago tí èèyàn lè yí ojú kékeré inú rẹ̀ kó bá sẹ́kọ́ǹdì tí rédíò bá pè mu, láì dá aago dúró. Longines ló ṣe é.

Ojú dúdú tí à ń wí yìí wá ńkọ́? Jámánì ló ti wá, ogun ló sì bí i. Láti 1940, iléeṣẹ́ 5 ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú wọn: A. Lange & Söhne, Laco, Stowa, Wempe, àti IWC ti Switzerland. Ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 55. Kì í ṣe aago oge rárá. Okùn awọ rẹ̀ gùn, nítorí orí ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ń dè é mọ́. Kókó tí wọ́n fi ń wáìńdì rẹ̀ tóbi, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè rí i dì mú. Onígun mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá fa kókó náà, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì á dúró, kí wọ́n lè to aago bá ara mu kí wọ́n tó gbéra. Ní 1941, wọ́n tún ojú rẹ̀ yà: nọ́ńbà ìṣẹ́jú bọ́ síta, ti wákàtí wọ inú òbìrí kékeré, torí ìṣẹ́jú ni atọ́nà ń wá.

Ẹ má jẹ́ ká fi oge bo òótọ́ mọ́lẹ̀ o. Ìjọba Hitler ni aago yìí sìn, àwọn bàálù ìjọba náà ló sì rọ òjò bọ́ǹbù lé London lórí láti oṣù kẹsàn-án 1940. Ẹni tó so irú rẹ̀ mọ́wọ́ lónìí kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ ohun tó so.

Wàyí o, ó kan ti olówó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe ojú aago ìjọ́sí ló mú un wọ́n, ìwà rẹ̀ ni: kó má yá jù, kó má sì falẹ̀. Ojú kò ṣòro yà. Seiko fi irú ojú ti 1941 yẹn sára Seiko 5 kan, SNK809, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 37. Ọ̀pọ̀ èèyàn rà á torí pé kò wọ́n, títí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Kò lo bátìrì, ìrìn ọwọ́ ẹni ló ń wáìńdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ fa kókó rẹ̀, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì ò ní dúró. Ojú atọ́nà ló ní, kò ní gbogbo iṣẹ́ atọ́nà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní oṣù kejìlá 1969, Seiko gbé Astron jáde, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí bátìrì àti òkúta quartz ń darí tí wọ́n tà fáráyé. Ó wọ́n gan-an nígbà náà. Lónìí, aago oníbátìrì tí kò tó nǹkan kì í sábà fi ju bíi sẹ́kọ́ǹdì 20 ṣì lóṣù kan. Òótọ́ tí àwọn atọ́nà ń fi ẹ̀mí wá lókè ọ̀hún ti di ọjà pọ́ọ́kú. Ojú tí kò náni ní nǹkan kan ni àwọn mìíràn ń tà fún wa lówó gọbọi.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má bi alágo léèrè ogun. Ẹ gbé e wọ ibi tó ṣókùnkùn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fa kókó rẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá sẹ́kọ́ǹdì á dúró. Ẹ tò ó bá aago rédíò mu lónìí, kí ẹ padà wò ó lọ́la. Èyí tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojúlówó ni lójú tèmi, ì báà jẹ́ pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á. Ìwà lẹwà, ti aago náà kò yàtọ̀.