Epo Àpọ̀jù: Ìtàn Kábúrétọ̀ àti Èéfín Dúdú

Àwọn baba wa ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó bá ti dáná igi rí mọ̀ pé bí a bá ki igi kún inú àdògán láìfi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, iná kì í jó geere. Èéfín ni yóò máa rú, omijé yóò máa bọ́ lójú alásè, ìdí ìkòkò yóò sì dúdú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ìwọ̀n epo pẹtiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó o bí ìlọ́po 15 kí ó tó lè jó tán. Kábúrétọ̀ ni alásè tí ń po méjèèjì pọ̀ nínú àwọn mọ́tò àtijọ́. Bí ó bá bu epo jù, èéfín dúdú yóò máa jáde ní sàlẹ́ńsà, ẹnu púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, owó epo yóò sì máa pọ̀ sí i. Epo tí kò jó yóò tún máa fọ òróró kúrò lára irin inú ẹ́ńjìnnì, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin.

Wàhálà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ ìjọba fún mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣe. Nínú kábúrétọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kàn ń gba ojú epo kọjá ni, ó sì ń kó oorú epo dání lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha, gbé irú ọkọ̀ náà, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ó di Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní 100 kìlómítà. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ tí ó fi de fìlà mọ́rí ni ó fi là á.

Ní ọdún 1893, Wilhelm Maybach, ará Jámánì bákan náà, ṣe kábúrétọ̀ tí ń fọ́n epo wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Abọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ohun kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí epo bá kún abọ́, ohun náà yóò gbéra sókè, abẹ́rẹ́ yóò sì dí ẹnu ọ̀nà epo. Bí epo bá fà, yóò rọ̀ wálẹ̀, ọ̀nà yóò sì là. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tí ń léfòó yìí sọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìdílé oníbàtà ni George Herbert Skinner. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé awọ ni ó fi ṣe ẹ̀wìrì inú kábúrétọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1910, òun àti àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ SU sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, písítìnì irin gba ipò awọ. Abẹ́rẹ́ kan so mọ́ ìdí písítìnì náà: òkè rẹ̀ sanra, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ki ẹnu bọ ihò tí epo ń gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni písítìnì ń gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń yọ, tí epo sì ń pọ̀ sí i. Ní 1926, W. R. Morris ra ilé iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí kábúrétọ̀ SU fi wà lára Morris Minor tí ó jáde ní 1948. MGB, tí ó jáde ní 1962, ní méjì.

Ṣùgbọ́n ibi tí epo àpọ̀jù ti fẹ́ gba ẹ̀mí ènìyàn ni ojú òfuurufú. Ní 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Spitfire àti Hurricane ń bá ti Jámánì jà. Ẹ́ńjìnnì Merlin ni wọ́n ń lò, kábúrétọ̀ sì ni ó ń pín epo fún un. Bí awakọ̀ bá da orí ọkọ̀ kọ ilẹ̀ lójijì, epo inú abọ́ yóò fò sókè, ẹ́ńjìnnì yóò kọ́kọ́ kọ́sẹ̀. Ohun tí ń léfòó yóò wá lọ sílẹ̀, ọ̀nà yóò là gbayawu, epo yóò sì rọ́ wọlé bí àgbàrá. Èéfín dúdú yóò rú, agbára ọkọ̀ yóò sì pin. Ẹ́ńjìnnì àwọn ará Jámánì kò ní kábúrétọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń ta epo sínú rẹ̀, nítorí náà wọn a da orí kọdò, wọn a sì sá lọ.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Beatrice Shilling, ẹnjiníà ní ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ní Farnborough, ni ó rí ọgbọ́n sí i. Ọmọ alápatà ni. Ní 1934 ó ti gun alùpùpù ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ ní pápá Brooklands. Kò sọ pé kí wọ́n kó gbogbo kábúrétọ̀ dànù. Ó wọn epo tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ nígbà tí ó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀, ó sì ṣe ìdènà ide kékeré kan tí ihò rẹ̀ kò gba epo tí ó ju ìyẹn lọ. Ní 1941, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ ń lọ láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń fi í sí àwọn ọkọ̀ náà. Kò wo àìsàn náà tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó ra ẹ̀mí àti àkókò títí kábúrétọ̀ tí ó dára ju ti ìṣáájú lọ fi dé. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ̀kọ́ Shilling ni kí ẹni tí ó ní mọ́tò àtijọ́ máa rántí: ká mọ ibi tí epo ti ń pọ̀ jù kí á tó máa yí nọ́ọ̀tì. Ṣé okùn ṣóòkù padà sí ipò rẹ̀? Ní kábúrétọ̀ SU, bí kò bá padà, ihò epo yóò wà nísàlẹ̀, epo yóò sì máa pọ̀. Ṣé eruku ti dí fíltà afẹ́fẹ́? Ṣé ohun tí ń léfòó ti lu, tí epo kún inú rẹ̀, tí kò lè léfòó mọ́? Ṣé ìdọ̀tí kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹnu ọ̀nà dí dáadáa?

Bí gbogbo èyí bá pé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ gbé písítìnì sókè díẹ̀ gan-an, kí ó má tó mìlímítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré sí i tí kò dẹwọ́, epo pọ̀ jù. Bí ó bá fẹ́ kú, epo kéré. Bí ó bá sáré díẹ̀ tí ó sì padà, ó ṣe déédéé. Bí epo bá pọ̀ jù, ẹ yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kí ihò epo gòkè, ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún dán an wò.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín epo tí kò jó tán ní májèlé tí a kò lè rí, tí a kò sì lè gbóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú gáréèjì tí a tì.

Ní 1967, ilé iṣẹ́ Bosch gbé ẹ̀rọ oníná tí ń pín epo jáde fún Volkswagen, nígbà tí ó sì fi di bí ọdún 1995, kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò pátápátá lára mọ́tò tuntun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ṣì ń tọ́jú tiwọn. Ẹni tí ó bá rí èéfín dúdú lẹ́yìn ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń wí: ìwọ̀n ti sọnù.