Ta ló sọ pé ọdún mẹ́jọ ni dókítà gbọ́dọ̀ fi kàwé?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ní Maryland tó ń múra àtiwọ yunifásítì. BS/MD ló fẹ́ ṣe. Ìyẹn ni pé kí wọ́n gbà á fún oyè àkọ́kọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́ẹ̀kan náà, látìgbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá ẹ̀, tó kàwé nílé, ò rí ohun tó le níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe bá a ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n ò parọ́ o. Nílé, tó o bá ti ṣe WAEC, o ṣe JAMB, tí wọ́n sì mú ẹ fún Medicine, ọdún mẹ́fà ni (tí ìyanṣẹ́lódì ò bá dá sí i). Kò sẹ́ni tó máa ní kó o lọ gba oyè míì wá ná. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, ìdánwò MCAT, kó o tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kiri, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rin míì. Ta ló ṣòfin yẹn? Mo bá lọ wá ìtàn ẹ̀.

Ní bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, òwò ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà á kóra jọ, wọ́n á háyà ilé, wọ́n á máa gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì ńkọ́? Wọ́n á tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ wọn! Ẹni tó bá ti lè sanwó, ó wọlé nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1870, Charles Eliot tó jẹ́ ààrẹ Harvard ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa kọ ìdánwò sórí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Henry Bigelow, ta kò ó, ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ. Harvard la ń sọ o.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins ní Baltimore, àmọ́ owó ò tó. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Mary Elizabeth Garrett, bàbá ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Baltimore and Ohio. Ó ní òun máa gbé ohun tó lé ní 300,000 dọ́là kalẹ̀, ṣùgbọ́n òun ní àdéhùn. Ẹ máa gba obìnrin bí ẹ ṣe ń gba ọkùnrin, kò gbọ́dọ̀ sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá sì máa wọlé gbọ́dọ̀ ti gba oyè àkọ́kọ́ kó tó wá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́, àmọ́ owó lọ̀rọ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1893 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 18, obìnrin mẹ́ta wà nínú wọn.

Ẹ ò rí nǹkan! Òfin "lọ gba oyè wá ná" yẹn, obìnrin kan tó mọ̀ pé owó òun lágbára wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́dún 1910 ni ọ̀rọ̀ wá yíwọ́. Carnegie Foundation rán Abraham Flexner níṣẹ́ pé kó lọ yẹ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wò, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Tíṣà ni Flexner, kì í ṣe dókítà. Ilé-ìwé 155 ló kọ ìròyìn lé lórí, kò sì fọ̀rọ̀ bo ẹnì kankan láṣìírí. Hopkins ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn tí ò ní yàrá àyẹ̀wò tó ṣe é wò, tí ò ní ọsibítù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ta ló fẹ́ kí irú wọn fọwọ́ kan òun?

Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn méje ni àwọn aláwọ̀ dúdú ní nígbà náà. Flexner ní Howard àti Meharry nìkan ló yẹ kó kù. Nígbà tó fi máa di 1923, márùn-ún yòókù ti pa rẹ́. Nínú ìròyìn yẹn kan náà, ó kọ ọ́ pé àárín àwọn èèyàn wọn ni kí dókítà aláwọ̀ dúdú ti máa ṣiṣẹ́. Báwo wá ni ọmọ òṣìṣẹ́ oko òwú ṣe fẹ́ rówó ọdún yunifásítì àti ọdún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn papọ̀?

Ẹ jẹ́ ká yà sí Èkó díẹ̀, ó ní ìdí. Lọ́dún 1902, ìjọba amúnisìn dá iṣẹ́ ìṣègùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n ní aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá bí Obadiah Johnson ti gboyè dókítà nílẹ̀ òyìnbó ṣáájú ìgbà yẹn. Lọ́dún 1930, ìjọba kan náà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yaba. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ ò ní sọ èèyàn di dókítà tó bá ti London dọ́gba. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó fárígá. Ọ̀rọ̀ Yaba yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement lọ́dún 1934, Dókítà J. C. Vaughan sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ò bá ẹnikẹ́ni jà torí iye ọdún o. Ohun tí ìwé náà lè ṣe fún ẹni tó bá gbà á ni wọ́n ń bi ìjọba. Ọdún 1948 ni University College Ibadan dé, lábẹ́ Yunifásítì London, ọ̀nà ti gẹ̀ẹ́sì tó ń gba ọmọ láti sẹ́kọ́ńdìrì ló sì bá wa wọlé. Ibẹ̀ ni ọdún mẹ́fà wa ti wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1959, ìgbìmọ̀ kan tí Frank Bane darí kìlọ̀ fún ìjọba pé dókítà ò ní kárí bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1961, Northwestern àti Boston University bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tààrà, kí wọ́n lè dín ọdún méjì kù. Lọ́dún 1971, Yunifásítì Missouri ní Kansas City ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n á pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké lábẹ́ dókítà kan, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ á máa fọ̀nà han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó jọ bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti City College ní New York, lọ́dún 1973, èyí tí wọ́n ń pè ní Sophie Davis. Torí àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń gbójú fò ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè padà wá tọ́jú àwọn àdúgbò tí ò ní dókítà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ níbòmíì. Ọdún 2016 ló di ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó dá dúró. Ti Brown, tó dé láàárín àwọn ọdún 1980, ò tiẹ̀ dín ọdún kankan kù. Ọdún mẹ́jọ náà ni, àmọ́ ọkàn ẹ balẹ̀, o lè ka ìtàn tàbí orin tó bá wù ẹ́ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á, orúkọ kan náà ni, àmọ́ ètò wọn ò jọra. Àwọn kan ò béèrè MCAT, àwọn kan béèrè. Àwọn kan, tó o bá fi lọ béèrè níbòmíì, àyè ẹ ti lọ nìyẹn. Tí máàkì ẹ bá já sílẹ̀, ó lè bọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní green card nìkan ni wọ́n ń gbà, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Àti ẹ̀yin òbí (mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, ẹ ń yọ́ kà á): wọ́n máa bi ọmọ yẹn lójúkojú pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣe dókítà, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. "Mọ́mì mi ti ń pè mí ní Dókítà látìgbà tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ" ò ní gbé e dé ibì kankan. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó ní ọsibítù fún oṣù mélòó kan, kó rí ẹ̀jẹ̀, kó rí àárẹ̀, kó fúnra ẹ̀ sọ bóyá òun ṣì fẹ́.

Ohun kan ló kù. Northwestern tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1961 ti dá tiwọn dúró, wọn ò gba ọmọ tuntun sí i mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fi àkójọ àtijọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ lọ wo ojú ewé ilé-ìwé náà fúnra yín lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ń tì láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní.