Láti Orí Èènì Dé Orí Ẹ̀dínwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà yóò fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ìbafo, kí ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ alágbèéká, kí ó sì ra aṣọ tí ó wà ní Kánò. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó: bí àwọn baba wa ti ń ṣe é, bí a ti ń ṣe é nísinsìnyí, àti ohun tí ó bọ́ sọnù láàrin méjèèjì.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Ìbafo. Aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá títì, wọ́n sì ní òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ èdè ní yunifásítì, bá mi kọ ẹ̀dínwó sí i, kí oníbàárà lè pọ̀." Mo kọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo ti mú wọn pàdánù ẹgbẹ̀rún méje náírà. N ó sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú. Ìtàn ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀nà méjì ni ọlọ́jà ilẹ̀ Yorùbá fi lè ṣe oore fún ẹni tí ń rajà. Ó lè dín owó kù, ó sì lè fi ọjà kún ọjà. Èkejì yìí ni à ń pè ní èènì, tí àwọn mìíràn ń pè ní jàrà. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta, ìyá ẹlẹ́wà yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Owó kò yí padà. Ọjà ni ó pọ̀ sí i.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ka nǹkan ní èdè wa kò ní ṣe hà sí èyí, nítorí lílé àti dídín náà ni a fi ń kà á. Mẹ́rìnlá jẹ́ mẹ́rin lé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá ibẹ̀, a kì í fi kún un mọ́, ara ogún ni a ń yọ ọ́. Ogún tí a yọ mẹ́ta kúrò lára rẹ̀ ni mẹ́tàdínlógún. Márùndínláàádọ́ta tilẹ̀ jẹ́ dídín lórí dídín: ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni àádọ́ta, a sì tún yọ márùn-ún kúrò lára àádọ́ta náà. Ní ọdún 1887, àlùfáà ìjọ C.M.S. kan tí ń jẹ́ Adolphus Mann tẹ àlàyé kan jáde lórí ọ̀nà ìkà yìí, ó sì so ó mọ́ owó ẹyọ. Ó ní ẹni tí ń ka owó a máa jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ ti òkìtì owó náà, a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún nígbà ogún títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì a sì di igba. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. "Dín" tí ó wà nínú mẹ́tàdínlógún náà ni ó wà nínú ẹ̀dínwó. Àwọn baba wa mọ dídín dáadáa, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí èènì parẹ́ lọ́jà.

Kí ni ìdí rẹ̀? Lójú tèmi, ọlọ́jà tí ó bá gé owó fún ẹnì kan ti gé e fún gbogbo ẹni tí ó dúró tì í tí ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi èènì kún un, iye ọjà dúró níbi tí ó wà, oore náà sì wà láàrin ẹni méjì. Bẹ́ẹ̀ ni èènì kì í ṣe ọ̀fẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní "bí". Bí o bá rà púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà mi ni ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni o kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ẹ̀fọ́ sì fẹ́ rọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ àwọn "bí" wọ̀nyí sílẹ̀. Ojú ọlọ́jà ni ìwé wọn. Ẹni tí kò bá sì bọ́ sínú ọ̀kankan nínú wọn ṣì lè fi ẹnu bẹ̀bẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ayé yí padà. Ní ọdún 1904, ìjọba òyìnbó fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọ ilẹ̀ wa; ní ọdún 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Àwọn ilé ìtajà ńlá dé, níbi tí a ti ń lẹ iye owó mọ́ ọjà lára, tí akọ̀wé tí ó ń tajà kò sì ní àṣẹ láti dín kọ́bọ̀. Àmọ́ ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ṣí ìsọ̀ tiwọn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844. Bí wọ́n bá ṣírò owó tán, wọn a pín èrè padà fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí olúkúlùkù rà. Níbẹ̀, ìwé ni a kọ "bí" sí: bí o bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí o sì rà tó báyìí, ìpín rẹ nìyí. Irú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ gba òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1935. Kí a má ṣe fojú kéré èyí. "Bí" tí a kọ sílẹ̀ kò mọ ojú. Àlejò àti ọmọdé yóò gba ohun tí ó tọ́ sí wọn láìjẹ́ pé ọlọ́jà fẹ́ràn wọn.

Nígbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, ó gba Ìbafo àti Mówè kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ilé Èkó ti wọ́n lójú ti ń ya wá síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn a máa jáde ní ìdájí, wọn a sì wọlé nígbà tí ọjà ti tú. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà fún. Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ilé iṣẹ́ Zinox ra Konga ní ọdún 2018, Jumia sì gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké, ètò kọ̀ǹpútà bí WooCommerce, tí ó jáde ní ọdún 2011, ń jẹ́ kí wọ́n kọ òfin ẹ̀dínwó fúnra wọn. Yóò bi ọlọ́jà pé: Èló ni ó kéré jù tí oníbàárà gbọ́dọ̀ rà? Ọjà wo ni ó kàn? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kan lè gbà á? Ṣé ó lè bá ẹ̀dínwó mìíràn rìn? "Bí" ni gbogbo wọn. Èyí tí ọlọ́jà kò bá dáhùn, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé kò sí òfin níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú. Ìdì aṣọ kan jẹ́ ₦20,000. ₦17,500 ni Àǹtí mi rà á, èrè wọn sì jẹ́ ₦2,500. Mo kọ òfin àkọ́kọ́: bí ọjà ènìyàn bá tó ₦20,000, kí ó gba ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kọ èkejì: bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí a yọ ₦1,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ pàdé lórí ẹnì kan. Ẹ̀rọ yọ ₦2,000, ó tún yọ ₦1,000. Owó tí ó wọlé di ₦17,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni Àǹtí mi fi ń tọrẹ lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́rìnlá sì rà á ní òru ọjọ́ kan. Ká ní ₦1,000 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ yọ ni, kí ó tó yọ ìdá mẹ́wàá, ₦17,100 ni ìbá kù. Nínú márùndínláàádọ́ta, èyí tí a bá kọ́kọ́ yọ kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú ẹ̀dínwó onídàá, ó já mọ́ nǹkan.

Àṣìṣe kejì pamọ́ ju èyí lọ. Obìnrin kan ra ọjà ₦19,900, ó sì san án pérépéré. Ẹni tí ó fi ọgọ́rùn-ún náírà jù ú lọ san ₦18,000. Ẹni tí ó rà díẹ̀ ni ó san owó jù! Bí ó bá jẹ́ lọ́jà ni, Àǹtí mi yóò ti rí i, wọn yóò sì ti fi èènì tún un ṣe kí obìnrin náà tó yíjú.

Mo ní kí a kọ̀wé sí àwọn mẹ́rìnlá náà kí wọ́n wá san ìyókù. Àǹtí mi kọ̀. Wọ́n ní, "Ta ni ó ní kí wọ́n rà á ní iye yẹn? Àwa náà ni. Ẹyin lohùn, ọmọ mi." Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá kò gbà kí ọlọ́jà gba owó tí ó ju iye tí ó fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí mi kò ka òfin kankan. Bí wọ́n ti bá a lọ́jà ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Èènì ní ojú, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ojúsàájú. Òfin inú ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n ó fọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú ọlọ́jà rò ó tán kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ: kí ó fi gbogbo ẹ̀dínwó pàdé lórí ẹnì kan ṣoṣo, kí ó wo ohun tí yóò kù, kí ó sì wo ẹni tí ó fi díẹ̀ kùnà ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan sì tún wà fún àwa ọmọ èdè. Nínú Yorùbá, "bí" ni a sábà máa ń kọ́kọ́ sọ kí ìlérí tó tẹ̀ lé e: "Bí o bá ra méjì, n ó fún ọ ní èènì." Púpọ̀ nínú ìpolówó òde òní a máa gbé ìlérí síwájú gàdàgbà, wọn a sì fi "bí" sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo tún ìwé ìsọ̀ náà kọ. Mo fi "bí" síwájú. Àǹtí mi kà á, wọ́n ní báyìí ni òun gbọ́ ọ.