Ìjàǹbá Ọkọ̀ Ojú Irin Eséka (2016)

Ìjàǹbá Eséka ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2016, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kó èrò láti Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, lọ sí Douala, ìlú èbúté, yẹ̀ kúrò lójú irin ní ìlú Eséka. Gẹ́gẹ́ bí iye tí ìjọba kéde, ènìyàn 79 ni ó kú. Àwọn tí ó farapa lé ní 500.

Àwọn ará Jámánì ni ó bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà láti Douala. Àwọn Faransé ni ó mú un dé Yaoundé ní 1927. Láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ Camrail ti ń bójú tó o.

Kí ọkọ̀ náà tó gbéra, títì tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ ti já ní Matomb. Èrò wá rọ́ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. A so kóòṣì 8 mọ́ 9 tí ó wà tẹ́lẹ̀, èrò tí ó máa ń tó 600 sì di nǹkan bí 1,300.

Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Yaoundé lọ sí etí òkun, nítorí náà bíréèkì ṣe pàtàkì. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni bíréèkì afẹ́fẹ́, tí ó ń di ẹsẹ̀ kóòṣì kọ̀ọ̀kan mú. Èkejì wà nínú ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀. Dísù ni ó ń mú iná mànàmáná jáde níbẹ̀, iná náà ni ó sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dẹwọ́ eré, ẹ̀rọ oníná náà a di jẹnẹrétọ̀, agbára eré a sì di iná, iná a di ooru. Irú ọgbọ́n yìí ni ọkọ̀ oníbátìrì ń lò, àfi pé inú bátìrì ni tirẹ̀ ń dá iná padà sí.

Èsì ìwádìí tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2017 sọ pé eré àsápajúdé ni olórí ohun tí ó fa ìjàǹbá náà. Ó tún ka àwọn mìíràn: ẹrù pọ̀ jù, bíréèkì àwọn kóòṣì kan kò dára, bíréèkì oníná ti ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, a kò yẹ bíréèkì wò bí ó ti yẹ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Yaoundé, àwọn ọ̀gá kò sì ka ohun tí awakọ̀ sọ nípa àbùkù ọkọ̀ náà sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ilé ẹjọ́ ní Eséka dá Camrail lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kan gbogbo ọkọ̀ tí iná ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì òde òní, bí kọ̀ǹpútà bá rí àbùkù nínú ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín agbára ọkọ̀ kù. Ní Yaoundé, awakọ̀ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọ̀gá ni àṣẹ wà, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ lọ.