Àṣejù Inú Wáyà: Láti Ayé Tẹligíráàfù dé Ayé Kọ̀ǹpútà

Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni èdè kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó ń gbé èdè náà kì í jíṣẹ́ bí a ti rán an. Bí a bá ní kí iná gòkè láti 0 dé vóòtì 5, ó lè fò kọjá 5. Bí a bá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó lè rì sísàlẹ̀ 0, kí ó máa mì kí ó tó fara balẹ̀. Àṣejù, baba àṣeté: kọ̀ǹpútà lè ṣi iṣẹ́ náà gbọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Wàhálà wáyà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1858, wáyà tẹligíráàfù àkọ́kọ́ la òkun Àtìláńtíìkì já. Iṣẹ́ tí Ọbabìnrin Victoria rán, ọ̀rọ̀ 98 péré, gba nǹkan bíi wákàtí 16. Wildman Whitehouse fi iná bíi vóòtì 2,000 tì í. Kò pẹ́ tí wáyà náà fi kú. Agbára kọ́ ni ó ṣaláìtó, òye ni.

Oliver Heaviside, òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù tí kò lọ sí yunifásítì, wà lára àwọn tí ó mú òye náà wá. Ní 1876, ó fi ìṣirò hàn pé iná inú wáyà lè máa lọ síwá sẹ́yìn kí ó tó dúró. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé ìgbì tí ó bá dé òpin tí kò bá wáyà dọ́gba yóò padà, bí ohùn ti ń padà láti ara àpáta. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní fi ń fi rẹsísítọ̀ tí ó bá wáyà dọ́gba sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn atẹ-wáyà là sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tọ̀.