Olùdáǹdè Ẹnìkan, Amúnisìn Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bí mo bá ń ronú sí ohun tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ Pólándì ń wá lọ sí Bùlùgáríà, òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ méjèèjì ló pàdánù òmìnira. Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́síríà pín Pólándì mọ́wọ́ láàárín 1772 sí 1795; títí di 1918 kò dá dúró. Bùlùgáríà ní tirẹ̀ lo nǹkan bí 500 ọdún lábẹ́ Tọ́kì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé. Nígbà tí àwọn ará Bùlùgáríà dìde ní oṣù kẹrin 1876, Tọ́kì pa wọ́n nípakúpa. Rọ́ṣíà ló wá ja ogun 1877 sí 1878 tí wọ́n fi bọ́. Rọ́ṣíà yìí kan náà ló ti tẹ àwọn ará Pólándì rì nígbà tí wọ́n dìde ní 1830 àti 1863. Báwo ni ọmọ Pólándì yóò ṣe kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀?

Ipasẹ̀ àwọn ará ilé wọn tó sá kúrò nílé ni wọ́n tọ̀. Lẹ́yìn 1831, Adam Czartoryski, ọmọ ọlọ́lá, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi Paris ṣe ibùdó. Wọ́n rán aṣojú lọ sí Istanbul, kí àwọn ará Bùlùgáríà má baà gbójú lé Rọ́ṣíà. Ọ̀kan nínú wọn ni Michał Czajkowski. Ní 1850 ó di Mùsùlùmí, wọ́n ń pè é ní Sadık Paşa, ó sì ń ṣe olórí ọmọ ogun Kọ́sáàkì fún Sultan tó ń jọba lé Bùlùgáríà lórí. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń wá òmìnira ilẹ̀ rẹ̀ ló ń sin ọ̀gá ẹlòmíràn. Ní 1872 ó padà sábẹ́ Rọ́ṣíà. Ní 1886 ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Marceli Handelsman fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìtàn Czartoryski. Ìjọba Násì mú un ní 1944, ó kú sí àgọ́ wọn ní 1945. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwé náà jáde. Ní 1976 ni Jerzy Skowronek tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí ohun tí àwọn èèyàn Czartoryski ṣe ní agbègbè Balkan, níbi tí Bùlùgáríà wà. Nígbà náà, ìjọba Kọ́múníìsì ń yẹ ìwé wò kó tó jáde, kò sì rọrùn láti bu ẹnu àtẹ́ lu Rọ́ṣíà.

Títí dòní, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọjọ́ àdéhùn San Stefano ti 1878, ni Bùlùgáríà fi ń ṣe ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Lójú tèmi, ọpẹ́ wọn tọ́. Ẹkún Pólándì náà tọ́. Òpìtàn tó bá ń wo ọgbẹ́ tirẹ̀ nìkan kò ní rí ti aládùúgbò. Ọwọ́ tó tú ẹnìkan sílẹ̀ lè wà lọ́rùn ẹlòmíràn; àfi ká kọ méjèèjì sílẹ̀.