Láti “Àgò” dé Fèrè Ọkọ̀: Ìpàdé Afẹsẹ̀rìn, Agunkẹ̀kẹ́ àti Awakọ̀ ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin láti Ọdún 1977

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin bí àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn awakọ̀ ṣe ń pàdé ara wọn lójú pópó Festac Town àti agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kókó rẹ̀ ni pé òfin àti ohun ìrìnnà ti yí padà léraléra láti ọdún 1977, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń rò kẹ́yìn nínú ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Ó lo èrò Yorùbá nípa “àgò”, ìyẹn ìtọrọ ọ̀nà tí ń retí èsì, láti fi hàn ohun tó sọnù àti ìdí tó fi sọnù.

Ìfáàrà

Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tó fẹ́ kọjá níbi tí ènìyàn wà kì í ṣàdédé kọjá. Yóò kọ́kọ́ wí pé, “Àgò o!” Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò dáhùn pé, “Àgò yà!” Lẹ́yìn èsì yìí ni àlejò yóò tó wọlé, tàbí tí ẹlẹ́rù yóò tó gba àárín àwọn tó dúró kọjá. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni “yàgò” ti wá, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún ènìyàn pé kí ó bìlà. Agbára àgò kò sí nínú ariwo rẹ̀. Inú èsì rẹ̀ ló wà. Bí ẹnìkejì kò bá tíì dáhùn, ọ̀nà kò tíì là.

Fèrè ọkọ̀ tí ń dún láti ìdájí títí di òru ní First Gate, ẹnu ọ̀nà Festac Town, ń tọrọ ọ̀nà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì. Àárín ohùn méjèèjì yìí ni ìtàn ìrìnnà agbègbè náà wà, ìbéèrè tó sì wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàm̀bá ojú pópó pa ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2021, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ afẹsẹ̀rìn, agunkẹ̀kẹ́ àti ẹni tó wà lórí alùpùpù.

Ọ̀nà kí Festac tó dé

Ilẹ̀ Àwórì ni Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, abúlé, àbàtà àti omi ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn sì fi ń rìn. Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń jẹ́ “ọkọ̀” kí mọ́tò tó gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bákan náà ni “kẹ̀kẹ́”, orúkọ ohun tí àwọn obìnrin fi ń ran òwú, ṣe di orúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí ó dé láti òkè òkun.

Ní ayé ìjọba amúnisìn, ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Akọ̀wé, tíṣà, oníwàásù àti àgbẹ̀ tí kòkó ṣe ojú rere sí ló ń gùn ún, láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń gbà fún un sì fi hàn pé ìjọba kà á sí ohun ìrìnnà gidi. Agogo ara rẹ̀ sún mọ́ àgò ju fèrè ọkọ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó ń lù ú kò yára kọjá bí yóò ti lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dúró, bí ó bá sì kọlu ènìyàn, òun náà yóò ṣubú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ka ìyípadà yìí sí. Síbẹ̀, ẹni tí ń fẹsẹ̀ sọdá náà ní láti tún ojú rẹ̀ kọ́, nítorí pé ibi tó ti ń kọ́kọ́ wò kí ó tó sọdá kọ́ ni ewu ti ń bọ̀ mọ́.

Ọdún 1977: ìlú tí wọ́n kọ́ fún ọlọ́kọ̀

FESTAC '77, àjọ̀dún àgbáyé kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn àlejò àjọ̀dún náà ni ìjọba ológun kọ́ Festac Town fún. Nígbà tí wọ́n lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú nípa ṣíṣẹ́ kèké.

Owó epo rọ̀bì ló kọ́ ìlú yìí, èrò ìgbà epo rọ̀bì náà ló sì yà á. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí owó náà lọ sókè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlú tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn èyí gbà pé ẹni tí yóò gbé ibẹ̀ yóò ní ọkọ̀. Àwọn Avenue rẹ̀ fẹ̀, wọ́n gùn, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Lára wọn ni àwọn Road ti yà, àti àwọn Close tí kò já síbì kankan, tí lẹ́tà jẹ́ orúkọ wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ kò ní ka ìrìn láti inú Close dé ẹnu géètì sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyá tó gbé agbọ̀n àkàrà lérí mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó lábẹ́ oòrùn.

Ohun mìíràn tún wáyé ní ọdún kan náà tí kò jẹ́ kí agbègbè náà rójú. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island. Ní 1977 náà ni wọ́n pàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ní Trade Fair, lọ́nà Àgbádárìgì. Mile 2, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, wá di oríta fún ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ láti èbúté, fún oníṣòwò tó ń lọ sí Trade Fair, àti fún ará Festac tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní erékùṣù. Nígbà náà gan-an ni ìjọba ń gbìyànjú láti dín ọkọ̀ kù lójú pópó Èkó, tí wọ́n ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ géérégé àti èyí tó ṣẹ́kù máa pín ọjọ́ ìrìn láàárín ara wọn. Àwọn olówó ra ọkọ̀ kejì láti fi yẹra fún òfin náà. Ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣòfin fún. Ẹsẹ̀ kò sí nínú ìṣirò.

Alùpùpù dé

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ba àlá ọlọ́kọ̀ jẹ́. Náírà wálẹ̀, ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì di ohun ìgbé-sílé. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò. Àwàdà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n fi pe ohun tí ń fò láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé. Orúkọ Buba Marwa, tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999, ni wọ́n fi ń pè é ní Kẹ̀kẹ́ Márúwá; nígbà tí ètò NAPEP ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ó di Kẹ̀kẹ́ Napep.

Ọkadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá dí àlàfo tí àwọn tó ya àwòrán Festac fi sílẹ̀. Wọ́n sọ ìrìn láti inú Close dé géètì di ohun ìṣẹ́jú díẹ̀. Àánú ni èyí jẹ́ fún aláboyún, arúgbó àti ẹni tó ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbà padà. Etí títì, tí í ṣe ibi ìsádi afẹsẹ̀rìn, di ibi ìdúró ọlọ́kadà àti ọ̀nà àbùjá rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dí. Orúkọ pàápàá kúrò lọ́wọ́ agunkẹ̀kẹ́: bí ènìyàn bá wí pé “kẹ̀kẹ́” ní Festac lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbọ́. Èyí tó ti kọ́kọ́ ni orúkọ náà ní láti máa fi “ológeere” tàbí “básíkù” ṣàlàyé ara rẹ̀. Iṣẹ́ ló kù tó ń ṣe: ẹni tó ń ta Fan Ice ń tì í kiri, mẹ́gáàdì ń gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́, àwọn ọmọdé sì ń fi kọ́ ìgùn nínú Close, níbi tí ọkọ̀ kò ti lè sáré.

Òfin àti ẹnubodè

Òfin kò wọ́n. Wọ́n dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá LASTMA sílẹ̀ ní 2000. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tó lé ọkadà kúrò ní 475 ojú ọ̀nà, tó sì fi ìjìyà tó le lélẹ̀ fún ẹni tó bá wakọ̀ lòdì sí bí ọ̀nà ti ń lọ, ohun tí ará Èkó ń pè ní “wọnwéè”. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020, ìdènà náà gbòòrò sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fòfin de ọkadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, lára wọn ni Àpápá àti Sùúrùlérè. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi 4 mìíràn kún un: Kòṣòfẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin.

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò sí nínú àwọn 10 wọ̀nyí. Ọ̀nà márosẹ̀ ni òfin dí mọ́ ọlọ́kadà. Àwọn òpópónà inú àdúgbò kò sí lára rẹ̀. Etí ọ̀nà márosẹ̀ wá di ẹnubodè. Ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń padà di afẹsẹ̀rìn, láàárín dánfó, ọkọ̀ àjàgbé àti àwọn tó ń pàtẹ ọjà. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ààbò kó àwọn ènìyàn jọ sí ibi tí ààbò ti kéré jù lọ, láì kọ́kọ́ tún ibi ìrìn ẹsẹ̀ ṣe níbẹ̀.

Èdè ojú pópó

Bí òfin ti ń yí padà, àwọn tí ń lo ọ̀nà ti dá èdè tiwọn sílẹ̀. Fèrè kúkúrú láti ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé ọlọ́kadà ń béèrè bóyá ẹni tí ń rìn yóò gùn. Fèrè gígùn jẹ́ ìbínú. Ẹni tó fẹ́ sọdá yóò na àtẹ́lẹwọ́ sí awakọ̀, yóò sì wò ó lójú. Bí ojú bá ṣe mẹ́rin, awakọ̀ sábà máa ń tẹ bíréèkì. Nínú dánfó, “Ó wà o!” ni èrò fi ń dá ọkọ̀ dúró, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò sì kìlọ̀ pé kí ó fi ẹsẹ̀ òsì sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ tó mọ ìlànà yóò juwọ́ sí i: “Ẹ máa kọjá, Bàbá.” Ìyá tó pọn ọmọ yóò gbọ́, “Ẹ rọra o, Màmá.” Àgò ni gbogbo ìwọ̀nyí lábẹ́ orúkọ mìíràn: ìbéèrè wà níbẹ̀, èsì sì wà.

Yóò rọrùn láti sọ pé fèrè borí nítorí pé ìwà ti bàjẹ́. Ìtàn kò gbè é lẹ́sẹ̀. Festac kì í ṣe agbo ilé kan. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀gùn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ló kó jọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ohun tí “àgò” túmọ̀ sí. Fèrè nìkan ni gbogbo wọn gbọ́. Lẹ́yìn náà, àgò nílò kí ẹni méjì wà ní ìwọ̀n eré tó jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Nínú Close, ó ṣì ṣeé ṣe. Lórí Avenue tó fẹ̀, tí kò ní ibi ìsọdá tó hàn, eré ọkọ̀ ti pa èsì kí ó tó dé ẹnu. Bí wọ́n ti ya ọ̀nà náà ló kọ́kọ́ sọ ènìyàn di aláìfetísílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde fún ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ní àárín ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì. Ìlọsíwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò sí èrò ọkọ̀ ojú irin tí kò kọ́kọ́ jẹ́ afẹsẹ̀rìn: ẹsẹ̀ ni yóò fi gun afárá, ẹsẹ̀ náà ni yóò sì fi rìn kọjá láàárín dánfó àti ọkọ̀ àjàgbé kí ó tó dé ilé. Níwọ̀n ìgbà tí Festac sì jẹ́ ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́, tó wà nínú ìpínlẹ̀, tó sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó rọrùn kí ọ̀rọ̀ etí títì jábọ́ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí àwọn ìyípadà láti 1977 kọ́ni ni pé ohun ìrìnnà ni ìjọba ń ṣètò fún, nígbà tí ẹsẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà ní, “Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.” Láàárọ̀, awakọ̀ ni ọ̀gá ọ̀nà, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Mile 2, òun náà yóò na àtẹ́lẹwọ́ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ibi ìsọdá tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ àti etí títì tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ afẹsẹ̀rìn kì í ṣe àṣà àjèjì. Àgò ni, tí wọ́n fi ọ̀dà àti kọnkéré kọ, kí èsì má bàa wà lọ́wọ́ àánú awakọ̀ nìkan.